Àmì dúdú àti ọ̀rọ̀ tó ń ṣá lórí ìwé: kí la ó kọ́kọ́ wò lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà?

Akọ̀wé_Kékeré
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà kan wà ní ọ́fíìsì wa, oní-dúdú nìkan, kì í ṣe aláwọ̀. Láìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì dúdú kéékèèké sí apá ọ̀tún ojú ìwé, ọ̀kan lábẹ́ òmíràn. Ọ̀rọ̀ tó wà lápá òsì náà tún ń ṣá, ó dà bíi pé tónà (ìyẹ̀fun dúdú tó ń di ọ̀rọ̀ lórí ìwé) fẹ́ tán, àmọ́ a kò tíì pẹ́ tá a ra á. Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe ní ká ra kátíríìjì tuntun, ìyẹn àpótí tí tónà wà nínú rẹ̀, ká sì pààrọ̀ fúsà, ohun tó ń fi ooru lẹ tónà mọ́ pépà, mọ́ ọn. Ọ̀gá mi ò fẹ́ gbọ́ ìnáwó méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó lọ bá a sọ̀rọ̀ owó?

Alátùn-únṣe
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ wá rúlà. Ìwé tó ń jáde yẹn fúnra rẹ̀ ló máa sọ ibi tí ọ̀ràn wà.

Ohun tó fà á ni pé gbogbo ohun tó ń fọwọ́ kan ìwé tàbí tónà nínú ẹ̀rọ yẹn ló ń yí. Dúróòmù, ìyẹn ọ̀pá róbótó tí lésà ń yàwòrán sí lára, ń yí, rólà tó ń fún un níná ń yí, rólà tó ń gbé tónà fún un ń yí, fúsà náà ń yí. Tí àbàwọ́n bá wà lára ọ̀kan nínú wọn, gbogbo ìgbà tó bá ti yí po ni àbàwọ́n yẹn á tún kan ìwé. Àlàfo tó wà láàárín àmì kan sí èkejì á wá bá àyíká ohun tó bàjẹ́ mu. Ẹ wọ̀n ọ́n ní mìlímítà, ẹ má fi ojú dá a. Dúróòmù tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 24 wọ́pọ̀ lára àwọn ẹ̀rọ kékeré. Tẹ́ ẹ bá fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi 75. Oní-30 náà wà, tiẹ̀ á sún mọ́ 94. Tí àmì bá sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, rólà kékeré kan nínú kátíríìjì ni kẹ́ ẹ fura sí. Fúsà ní tiẹ̀ yàtọ̀ láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ. Ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ yín sábà máa ń ní tábìlì kan tó to gbogbo àlàfo yìí, ẹ wá a jáde.

Tí àmì ò bá ní àlàfo kan pàtó, tó kàn fọ́n káàkiri, ìyẹn kì í ṣe ti rólà. Tónà tó dà sínú ẹ̀rọ ni, tàbí eruku pépà.

Ẹlẹ́rọ_Àtijọ́
Òótọ́ ni Alátùn-únṣe sọ. Mo kàn fẹ́ fi èyí kún un: nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, rólà tó ń gbé tónà máa ń yí yára ju dúróòmù lọ. Ẹ má fi ìṣirò 3.14 mú un o, torí àlàfo tó máa hàn lórí ìwé ò ní tó àyíká rẹ̀ gan-an. Tábìlì yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ níbẹ̀.

Ìyá_Fáìlì
Ọmọ mi, kí o tó gbé rúlà, ṣé o ti mi kátíríìjì yẹn? Ọ̀rọ̀ tó ṣá lápá kan ṣoṣo kì í sábà jẹ́ pé tónà ti tán. Ó ti rọ́ lọ sí apá kejì ni. Yọ ọ́ síta, dì í mú lórí méjèèjì bí o ṣe máa di àwo pẹrẹsẹ mú, kí o rọra mì í síwá sẹ́yìn bí ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Má dojú rẹ̀ dé, má sì gbá a mọ́ tábìlì. Àwọn kan máa ń gbá a bí ẹni gbá àpótí, ìyẹn gan-an ló ń mú kó máa jò.

Lẹ́yìn náà, wo ẹsẹ̀ tábìlì tí ẹ̀rọ yẹn wà lórí rẹ̀. Bí tábìlì bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tónà náà á máa rọ́ lọ síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé gbogbo ojú ìwé ló ṣá lọ́gbọọgba, ọ̀nà mìíràn nìyẹn. Wọ inú sẹ́tíǹgì, wò ó bóyá ẹnì kan ti tan ètò ìṣúntónà, èyí tó ń dín tónà tí ẹ̀rọ ń lò kù, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lára ẹ̀rọ HP, EconoMode ni wọ́n ń pè é. Mo ti rí ọ́fíìsì tó ti fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun torí ètò yẹn.

Akọ̀wé_Kékeré
Ẹ ṣé gan-an, mà. Mi ò tíì mì í. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá fúsà wà lára ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́? Òun ló wọ́n jù nínú ohun tí wọ́n kọ fún wa.

Alátùn-únṣe
Ẹ dá iṣẹ́ ẹ̀rọ náà dúró lójijì. Mo máa ṣàlàyé.

Ẹ ní kó tẹ ojú ìwé kan tí ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀. Bí pépà bá ti wọlé dé nǹkan bí ìdajì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà kó lè dúró. Ẹ rọra yọ kátíríìjì, ẹ gbé ìbòrí dúróòmù sókè, ẹ wo ara dúróòmù yẹn, lẹ́yìn náà ẹ wo pépà tó wà nínú ẹ̀rọ. Tọ́rọ̀ bá hàn ketekete lára dúróòmù, àmọ́ tí apá pépà tó ti kọjá lábẹ́ rẹ̀ ṣá, kátíríìjì ò jẹ̀bi. Rólà dúdú tó wà nísàlẹ̀, tó ń fa tónà sórí pépà, lẹ máa mú. Tó bá jẹ́ pé lára dúróòmù gan-an lọ̀rọ̀ ti ṣá, inú kátíríìjì ni, tàbí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ lésà ń gbà. Apá pépà tí kò tíì dé fúsà ńkọ́? Tọ́rọ̀ ibẹ̀ bá dára, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn fúsà ló ti bàjẹ́, ìgbà náà lẹ lè bínú sí fúsà.

Tónà tí kò tíì kọjá nínú fúsà ò tíì lẹ̀ mọ́ pépà o. Èémí lásán lè fẹ́ ẹ lọ, nítorí náà ẹ mú pépà yẹn jẹ́jẹ́. Fúsà ń gbóná dé nǹkan bíi 200 lórí ìwọ̀n Celsius nínú àwọn ẹ̀rọ kan, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ má sì fi dúróòmù sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ fi aṣọ tàbí pépà tó nípọn bò ó.

Tíṣà_Ìdánwò
Ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tùn-ún díẹ̀. Tèmi ò ní àmì, kò ṣá. Ìwé jáde dáadáa, àmọ́ tẹ́nì kan bá fi ìka nù ún, ọ̀rọ̀ á parẹ́. Ìbéèrè ìdánwò ni mo tẹ̀ sórí pépà tó nípọn díẹ̀. Ṣé fúsà mi ti kú nìyẹn?

Ẹlẹ́rọ_Àtijọ́
Kò tíì kú. Irọ́ lẹ pa fún un.

Ẹ̀rọ yín ò mọ̀ pé pépà yín nípọn, àfi tẹ́ ẹ bá sọ fún un. Nígbà tó rò pé pépà lásán ni, ooru pépà lásán ló fún un, tónà ò sì yọ́ tán. Ẹ wọ sẹ́tíǹgì irú pépà, ẹ yan èyí tó nípọn. Ẹ̀rọ á rọra rìn, á gbóná sí i, tónà á sì lẹ̀ dáadáa. Kí ẹ dá a padà lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn o, torí ooru tó pọ̀ jù lórí pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ní wàhálà tiẹ̀: pépà á ká, tónà á sì máa lẹ̀ mọ́ fúsà.

Tó bá jẹ́ pé pépà lásán náà ń parẹ́, kí ẹ wá wo fúsà. Ẹ tún wo iná tẹ́ ẹ ń lò. Fúsà ń jẹ iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá lọ sílẹ̀, kì í gbóná tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé ká má so ẹ̀rọ lésà mọ́ bátìrì UPS kékeré tó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà.

Ìyá_Fáìlì
Àti pépà tó tutù! Pépà tó ti gba ọ̀rinrin máa ń mú ooru fúsà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ á sì máa fo láwọn ibì kan bí ẹni pé wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ má tú ríìmù sílẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tẹ́ ẹ máa lò ni kẹ́ ẹ yọ, kí ìyókù wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Ọfà kékeré kan wà lórí ọ̀rá ríìmù púpọ̀, òun ló ń tọ́ka sí ojú tó yẹ ká kọ́kọ́ tẹ ìwé sí.

Ẹlẹ́rọ_Àtijọ́
Mo rí i pé púpọ̀ nínú yín ń méfò nítorí pé ẹ ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí yẹn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ gbà mí láyè.

Ní October 1938, Chester Carlson àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ mú pátákó síńkì tí wọ́n fi imí ọjọ́ bo ojú rẹ̀. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti fi áńkáṣíìfù nù ún títí tó fi ní iná lára. Wọ́n gbé gíláàsì tí wọ́n kọ̀wé sí lé e, wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀, wọ́n da ìyẹ̀fun sí i, wọ́n fẹ́ èyí tó ṣẹ́ kù dànù, wọ́n tẹ pépà onída mọ́ ọn, wọ́n sì fi ooru mú un lẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ orí tábìlì yín ń ṣe náà nìyẹn: ó ń fún dúróòmù níná, ó ń fi lésà yàwòrán sí i, ó ń fi tónà bò ó, ó ń gbé e sórí pépà, ó ń yọ́ ọ mọ́ ọn, ó ń nu èyí tó ṣẹ́ kù lára dúróòmù. Ìyẹ̀fun tónà fúnra rẹ̀, ike tí wọ́n lọ̀ kúnná ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, ibi tí lésà bá kàn lára dúróòmù ni tónà ń lẹ̀ mọ́. Ẹ wá rò ó. Tí lésà ò bá dé ibẹ̀ rárá, ìwé á jáde ní funfun báláú. Tí dúróòmù ò bá rí iná gbà, gbogbo ara rẹ̀ á rí bí ibi tí lésà ti kàn, ìwé á dúdú kirikiri láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rí ìwé dúdú yẹn, wọ́n á ní tónà ló pọ̀ jù, wọ́n á lọ dín in kù nínú sẹ́tíǹgì. Kò kan sẹ́tíǹgì. Ẹ lọ wo àwọn irin péńpé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kátíríìjì, tó ń gbé iná wọlé. Bí tónà bá bò wọ́n, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n.

Ìwé funfun báláú náà lè jẹ́ ohun kékeré: tépù tí wọ́n fi dí kátíríìjì tuntun tí ẹnikẹ́ni ò fà yọ.

Ó tún ku ìlà tó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá funfun, nǹkan dí ọ̀nà: eruku lórí gíláàsì tí lésà ń gbà jáde, tàbí tónà tó dì sínú kátíríìjì. Tó bá dúdú, tó sì tín-ín-rín, nǹkan ti ha dúróòmù tàbí rọ́bà tó ń nù ún ti jẹ. Òjìji ọ̀rọ̀ tó tún ń jáde nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ gidi, ẹ wọn àlàfo rẹ̀ bí Alátùn-únṣe ṣe sọ. Bó bá bá dúróòmù mu, dúróòmù ti gbó tàbí kò mọ́ tán. Bó bá bá fúsà mu, tónà ń lẹ̀ mọ́ fúsà.

Aláwọ̀_Mẹ́rin
Ẹ̀yin tó ní ẹ̀rọ aláwọ̀, ẹ fi ti àwọ̀ kún un. Ẹ tẹ ojú ìwé tó ní àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí àbàwọ́n bá wà lára àwọ̀ kan ṣoṣo, kátíríìjì tàbí dúróòmù àwọ̀ yẹn ni. Tó bá wà lára gbogbo wọn lójú kan náà, ohun tí wọ́n jọ ń lò ni: bẹ́líìtì tó ń gbé àwọ̀ lọ sórí pépà, tàbí fúsà. Tí ọ̀rọ̀ bá ní òjìji àwọ̀ mìíràn létí, kò sí ohun tó bàjẹ́, ẹ kàn ní kó tún àwọ̀ tò láti inú sẹ́tíǹgì.

Tíṣà_Ìdánwò
Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo yí sẹ́tíǹgì yẹn padà, ọ̀rọ̀ ò parẹ́ mọ́. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé tónà àtúnkún ló ń fa gbogbo èyí? Gbogbo èèyàn ló ń bú u.

Alátùn-únṣe
Èmi ò bú u. Àtúnkún tí wọ́n ṣe dáadáa ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni iṣẹ́ jákujàku: wọ́n á da tónà tuntun lé àṣẹ́kù ti tẹ́lẹ̀, wọn ò ní da tónà ìdọ̀tí inú àpò ẹ̀yìn dànù. Tónà tí rọ́bà ń nù kúrò lára dúróòmù, ibẹ̀ ló ń lọ. Bó bá kún, kò níbi tó máa lọ mọ́, á máa jò sórí ìwé.

Tónà kan náà kọ́ ni gbogbo wọn tún ń lò. Tónà HP ń gba iná tó ní àmì −, ti Brother ń gba iná tó ní àmì +. Ẹni tó bá da ọ̀kan sínú èkejì, ìwé tó rí bí eérú ló máa gbà, bó bá tiẹ̀ rí ìwé gbà.

Ẹlẹ́rọ_Àtijọ́
Níbí ni èmi àti ẹ̀yin ti yàtọ̀ díẹ̀. Àtúnkún ẹ̀ẹ̀kan, mo gbà. Ṣùgbọ́n dúróòmù àti rọ́bà inú kátíríìjì ń gbó bí ìwé ṣe ń pọ̀. Ẹni tó ń kún un léraléra láìpààrọ̀ wọn ń fi tónà tuntun bọ́ dúróòmù tó ti rẹ̀. Nígbà tí ojú ìwé bá ti ń rí bí eérú níbi tó yẹ kó funfun, kí ó má tún kún un mọ́.

Alátùn-únṣe
Lórí ìyẹn, mi ò lè bá yín jà.

Akọ̀wé_Kékeré
Mo ti dé. Mo mi kátíríìjì bí Ìyá ṣe wí, ọ̀rọ̀ apá òsì ti ń hàn dáadáa padà. Ẹsẹ̀ tábìlì kan kúrú lóòótọ́, mo ti fi nǹkan sí i lábẹ́.

Àmì dúdú náà ṣì wà. Mo wọ̀n ọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé: mìlímítà 75, kò yí padà. Mo ṣí ìbòrí dúróòmù, mo rọra fi jíà ẹ̀gbẹ́ yí i. Lápá ọ̀tún, ohun péńpé kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń dán, tónà sì ti bò ó yíká. Mo rò pé gọ́ọ̀mù ni. A tẹ àdírẹ́sì sórí àwọn bébà alẹ̀mọ́ láìpẹ́, mo sì rántí pé ọ̀kan jáde láìní bébà alẹ̀mọ́ kan lára. Ṣé kí n fi èékánná yọ ọ́?

Alátùn-únṣe
Rárá o! Èékánná á ha dúróòmù, ẹ ó wá fi àmì tó ń fò pààrọ̀ ìlà tí kò ní lọ. Ẹ má fi spírítì nù ún, ẹ má fi omi nù ún. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ, kẹ́ ẹ rọra nù ún lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Tí kò bá lọ, dúróòmù yẹn ti rí tiẹ̀ nìyẹn, ẹ máa pààrọ̀ kátíríìjì bí dúróòmù bá wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fúsà kò sí nínú ọ̀ràn yìí. Ẹ ṣàfihàn ìwé àti rúlà fún ọ̀gá yín.

Ẹ wá bébà alẹ̀mọ́ tó sọnù yẹn o. Kì í lọ jìnnà. Ó lè wà lára fúsà, á sì máa dúró de ìwé tó ń bọ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa kẹ́ ẹ tó wò ó. Lọ́jọ́ iwájú, bébà alẹ̀mọ́ tí wọ́n kọ sí pé ti lésà ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ má sì tún tẹ ìwé sórí èyí tí wọ́n ti ṣí ọ̀kan kúrò lára rẹ̀.

Akọ̀wé_Kékeré
Mo ti rí i. Ó wà lẹ́yìn dúróòmù, níbi tí pépà ń gbà kọjá, kò tíì dé fúsà. Gọ́ọ̀mù ò kúrò lára dúróòmù, nítorí náà kátíríìjì nìkan la máa ra. Tónà díẹ̀ dà sí mi láṣọ nígbà tí mo ń wá a.

Ìyá_Fáìlì
Gbọ̀n ọ́n dànù níta, má fi ọwọ́ nù ún. Omi tútù ni kí o fi fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná á yọ́ ọ mọ́ aṣọ, kò ní jáde mọ́. Èyí tó dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kí o fi gbá a mú. Má fi fákúọ̀mù ilé fà á, ó kúnná ju ohun tí asẹ́ rẹ̀ lè dá dúró lọ, á kàn fẹ́ ẹ padà sínú afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí ni.

Òǹkà_Ìwé
Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìlà dúdú kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Dúróòmù mi wà lọ́tọ̀, kì í ṣe inú kátíríìjì tónà ló wà. Ohun aláwọ̀ ewé kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó ṣeé fà, mi ò mọ iṣẹ́ rẹ̀, mo fà á sí àárín.

Ẹlẹ́rọ_Àtijọ́
Òun gan-an ni. Wáyà tín-ín-rín tó ń fún dúróòmù níná wà lábẹ́ ibẹ̀, ohun aláwọ̀ ewé yẹn ló ń nù ún. Ẹ fà á lọ fà á bọ̀ láti òpin kan dé èkejì bí ìgbà mélòó kan, kẹ́ ẹ wá dá a padà sí ibi tí àmì ọfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá dúró sí àárín, ibi tó dúró sí yẹn ni ìlà á máa wà lórí gbogbo ìwé yín.